Bí Gáàsì Bá Jò ní Ilé Yìnyín

Ẹja tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní òkú Èkó, kì í ṣe odò ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ti wá. Òkun jíjìn ni wọ́n ti pa á, tí wọ́n sì dì í. Láti èbúté, inú yàrá òtútù kan ni ó ti ń bọ́ sí òmíràn, títí yóò fi dé ọwọ́ ẹlẹ́ja tí ó gé e fún wa lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni adìẹ dídì, bẹ́ẹ̀ ni áísìkiriìmù àwọn ọmọdé, bẹ́ẹ̀ sì ni yìnyín tí oníyìnyín ń gé tà fún alásè. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, àwọn ènìyàn wa ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń ru páálí ẹja, àwọn kan ń ṣọ́ ẹ̀rọ, àwọn kan ń gba owó, ẹlòmíràn sì wà ní ẹnu géètì.

Ẹ̀kọ́ òní wà fún wọn. Ó sì wà fún ẹni tí ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀, àti fún ẹni tí ilé rẹ̀ fara ti ilé yìnyín. A ó sọ nípa gáàsì tí ń mú ibẹ̀ tutù, ohun tí ó lè ṣe bí ó bá jò, àti ìwé kékeré kan tí ó yẹ kí ó ti wà lára ògiri kí ọjọ́ náà tó dé.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ PÁÌPÙ

Ẹ rántí ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́. Ó fi òwú bọ sípíríìtì, ó fi nu apá yín, lójú ẹsẹ̀ ibẹ̀ tutù rinrin. Kí ló fà á? Sípíríìtì náà ń gbẹ. Bí ó sì ti ń gbẹ, ó ń kó ooru ara yín lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ yàrá òtútù ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun olómi kan wà nínú páìpù tí ó ń di gáàsì, bí ó sì ti ń di gáàsì ó ń kó ooru ara ẹja. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò fà á, yóò fún un mọ́ra, yóò tì í lọ síta. Níta ni yóò ti da ooru náà nù, tí yóò tún di olómi, tí yóò sì padà wọlé. Ó ń yí po bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ẹ fi ọkàn sí èyí dáadáa: gáàsì yìí kì í tán bí epo mọ́tò. Èyí tí ó wà níbẹ̀ lánàá náà ló ń yí po lónìí. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ fíríjì bá wí fún yín pé gáàsì ti tán, pé òun fẹ́ rọ òmíràn sí i, ẹ bi í léèrè pé: níbo ni ti tẹ́lẹ̀ gbà lọ? Ó jò ni. Ẹni tí ó ń rọ gáàsì lóṣooṣù láì wá ojú ihò, inú ajere ló ń pọn omi sí.

Irú gáàsì náà kò jẹ́ ọ̀kan. Lára ẹ̀rọ àti lára sílíńdà, wọ́n máa ń kọ lẹ́tà R, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé dé ibí yìí lè kà á. R717 ni amóníà; ilé yìnyín ńlá àti ilé ẹja ńlá ló ń lò ó jù. R22, R134a àti R404A ni yàrá òtútù kéékèèké, fíríjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ń lò. R290 àti R600a jọ gáàsì ìdáná, iná ń gbé wọn kíákíá. R744 ni gáàsì tí ó ń hó nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ lọ wo ti ibi iṣẹ́ yín lọ́la. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kan tí wọn kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

ÈYÍ TÍ Ó LÓÒÓRÙN

Amóníà kì í dé láì kan ilẹ̀kùn. Òórùn rẹ̀ dàbí ti ìtọ̀ tí ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó mú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti jókòó nígbà tí wọ́n ń fi oògùn kun irun ní dúdú ti lè gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ rí.

Amóníà fẹ́ràn omi. Ibi tí omi bá wà ló ń wá lọ. Nínú ara ènìyàn, níbo ni omi wà? Ojú ni, imú ni, ọ̀fun ni, ẹ̀dọ̀fóró ni, àti abẹ́ apá tí ń làágùn. Ibẹ̀ ni ó ti ń jó ènìyàn bí iná. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ti amóníà kò rí bẹ́ẹ̀ o. Bí ó bá pọ̀, ojú á dì pa, ẹni tí ó mọ ọ̀nà dáadáa á sì máa fọwọ́ ta ògiri kiri bí àlejò.

Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà sọ ọ́. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ yàrá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, kí amóníà tó kó 50 nínú rẹ̀, imú ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ó bá dé 300, ẹ̀mí ti wà nínú ewu. Ìwọ̀n yẹn kò pọ̀ rárá. Lítà kan amóníà olómi, bí ó bá bọ́ síta tí ó di gáàsì, yóò ju lítà 800 lọ. Ìwọ̀n ike omi kan lè kún yàrá.

Ohun méjì ló ń tan àwọn òṣìṣẹ́ jẹ. Èkíní, imú máa ń mọ́ ọn lára. Ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ á ní, “Bó ṣe máa ń rùn nìyẹn.” Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló máa ń sọ òótọ́. Èkejì, wọ́n á ní amóníà fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, pé òkè ni yóò gbà lọ. Òótọ́ ni pé ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ jáde, ó tutù púpọ̀. A máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, a sì di ìkùukùu funfun tí ń rìn nílẹ̀ lọ bá ará àdúgbò.

Jíjò kékeré kì í ṣe ohun à ń fojú fò dá. Ní ìlú Fernie ní ilẹ̀ Kánádà, ilé kan wà tí wọ́n ti ń ṣe eré ìdárayá lórí yìnyín. Amóníà ni ẹ̀rọ wọn ń lò. Ní ọdún 2017, wọ́n mọ̀ pé apá kan ẹ̀rọ náà ti gbó, pé ó sì ń jò. Wọ́n dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n tún tan án. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún náà, amóníà tú jáde, ènìyàn mẹ́ta tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ sì kú.

ÈYÍ TÍ KÒ LÓÒÓRÙN

Àwọn gáàsì bí R22 àti R404A kì í ta imú, wọn kì í ta ojú. Wọ́n wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí wọ́n bá jò, ilẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí bí omi: inú kòtò, abẹ́ àtẹ̀gùn, ìsàlẹ̀ yàrá tí kò ní fèrèsé. Bí wọ́n bá ti ń kún ibẹ̀ ni wọ́n ń lé afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde. Nínú 100 afẹ́fẹ́, ọ́ksíjìn tí ó gbé ẹ̀mí wa ró kò ju 21 lọ. Bí ó bá dín kù púpọ̀, oòyì á kọ́ ènìyàn, á ṣubú, kò sì ní mọ̀ pé òun ń ṣubú. Bí irú gáàsì yìí bá kan iná, ìbáà ṣe iná àwọn tó ń jó irin pọ̀, ó lè di májèlé mìíràn tí ó burú jù. R744 náà kò lóòórùn. Òun a sì tún máa ṣe ènìyàn léṣe kí ọ́ksíjìn tó dín kù púpọ̀.

Nàítírójìn náà kò lóòórùn. Òun ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ ọ́ di olómi, ó tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè dì ẹran láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Irú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ kan ń fi dì ẹran adìẹ ní ìlú Gainesville, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2021, nàítírójìn olómi kún àkúnwọ́sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà. Ìkùukùu funfun bo ilẹ̀ yàrá. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ṣubú síbẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn 14 mìíràn wọ yàrá náà tàbí sún mọ́ ọn, àwọn kan láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn kan láti gbé ẹlẹgbẹ́ wọn jáde. Mẹ́rin nínú wọn kú. Gbogbo òkú jẹ́ mẹ́fà. Nígbà tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí, wọ́n rí i pé kò sí aago tí yóò dún bí ọ́ksíjìn bá dín kù, àti pé wọn kò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ohun tí wọn yóò ṣe.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìpínrọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Gáàsì mú méjì. Àánú ló mú mẹ́rin.

Ẹ̀yin ará, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Láàárín wa, ẹni tí ó bá rí ọmọ ìyá rẹ̀ nílẹ̀ tí kò sáré lọ gbé e, ọ̀dájú là ń pè é. A ó fi bú ọmọ rẹ̀ pàápàá. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ṣubú nínú yàrá òtútù, ẹ má retí pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò dúró síta láti ronú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti gbé e lọ kí ọpọlọ tó sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló lè dá irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró: pé a ti jọ jókòó, a ti jọ sọ ọ́, a ti kọ ọ́ sílẹ̀, tí olúkúlùkù sì mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó dúró síta tí ó ń pe panápaná kì í ṣe ọ̀dájú mọ́. Iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ ló ń ṣe.

Ta wá ni ó lè wọlé? Ẹni tí ó gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, tí ìbòjú rẹ̀ bo ojú àti imú pátápátá, tí wọ́n sì ti kọ́ ọ bí a ṣe ń lò ó. Òun náà kò gbọdọ̀ dá wọlé. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn, àwọn mìíràn á sì wà lẹ́nu ọ̀nà tí ń ṣọ́ wọn. Bí kò bá sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ yín, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú yín kò lè wọlé nìyẹn. Ìbòmú aṣọ tí a lò nígbà àrùn kòrónà kò lè dá gáàsì dúró. Bí aṣọ tí a rẹ sínú omi bá wà nítòsí, ẹni tí ń sá fún amóníà lè fi bo imú bí ó ti ń jáde lọ. Ìjáde nìkan ni o. Kò wúlò fún wíwọlé, kò sì ní agbára kankan lórí gáàsì tí kò lóòórùn.

OHUN TÍ Ẹ Ó JỌ SỌ KÍ Ó TÓ ṢẸLẸ̀

Ẹ pe ara yín jọ, ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́tìnì pupa tí a fi ń pa ẹ̀rọ. Níbo ló wà? Ó yẹ kí ó wà níta yàrá ẹ̀rọ, níbi tí ọwọ́ ti lè tó o láì wọ inú gáàsì. Bí inú ni ó wà, ẹ sọ fún olówó iṣẹ́ pé kí ó gbé òmíràn síta. Ẹni méjì ni kí ó mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ọjọ́ tí ọ̀kan kò bá wá.

Ìtàn kan wà lórí èyí tí ó kan àwa tí iná mànàmáná ń lọ tí ń bọ̀. Ní Theodore, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, iná lọ ní ilé òtútù ńlá kan fún wákàtí tó ju méje lọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2010. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 23, bí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ padà, gáàsì gbígbóná àti amóníà olómi tútù pàdé nínú páìpù kan náà. Páìpù bẹ́. Dípò kí wọ́n kọ́kọ́ pa gbogbo ẹ̀rọ, wọ́n ń wá fáàfù tí wọn yóò tì nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, gáàsì sì ń tú sí i. Ó ju kílò 14,000 lọ tí ó jáde. Ṣé ẹ rí i? Ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni kí ẹ ṣọ́ra jù, nígbà tí inú gbogbo ènìyàn ń dùn. Bí nǹkan bá sì bẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnì ná. Ọ̀rọ̀ fáàfù á tẹ̀lé e, láti ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, tí ó sì ní ohun ìdáàbòbò.

Lẹ́yìn bọ́tìnì, afẹ́fẹ́ ló kàn. Ẹ so aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan mọ́ ọ̀pá gíga tí gbogbo ènìyàn lè rí; yóò máa fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ hàn. Ẹni tí ó bá ń sá tẹ̀lé afẹ́fẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gáàsì yóò máa bọ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ yọ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ tó kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ní Èkó àti àyíká rẹ̀, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti ojú òkun, ni afẹ́fẹ́ ti ń wá jù lọ lọ́dún. Nígbà ọyẹ́ ó máa ń yí padà, a sì máa ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ wá. Ìdí nìyí tí ibi ìpàdé kan ṣoṣo kò fi tó. Ẹ yan méjì, ọ̀kan ní ìhà òkun, ọ̀kan ní ìhà kejì. Aṣọ orí ọ̀pá ni yóò sọ èyí tí ẹ ó lò lọ́jọ́ náà.

Ní ibi ìpàdé, kí akọ̀wé pe orúkọ. Àwa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì láràárọ̀ mọ̀ pé ojú kò lè ka ènìyàn bí ìwé ti í kà á. Ẹ ó wo ara yín, ẹ ó ní gbogbo wa pé, láì mọ̀ pé alábàárù tí ó wá gbé ẹja lówùúrọ̀ yẹn ṣì wà nínú yàrá kejì. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ọgbà, ìbáà ṣe oníbàárà, ìbáà ṣe awakọ̀, kí ọlọ́dẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní géètì, kí ó sì fa ìlà sí i nígbà tí ó bá jáde. Bí ariwo bá sọ, ìwé náà ni kí ọlọ́dẹ kọ́kọ́ mú. Bí orúkọ kan kò bá dáhùn, ẹ sọ fún panápaná: orúkọ rẹ̀, àti yàrá tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn wúlò ju ogún ènìyàn tí ń pariwo lọ.

Ilẹ̀kùn ńkọ́? Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2013, iná sọ ní ilé-iṣẹ́ adìẹ kan ní Dehui, ilẹ̀ Ṣáínà, amóníà sì bú gbàmù. Ó ju ènìyàn 100 lọ tí ó kú, nítorí wọ́n ti ti àwọn ilẹ̀kùn àbájáde kan pa. Àwọn olówó iṣẹ́ kan níhìn-ín náà máa ń fi àgádágodo ti òṣìṣẹ́ mọ́lé kí wọ́n má baà jí ẹja. Òfin ilé-iṣẹ́ ti Nàìjíríà kò gbà á: nígbà tí ènìyàn bá wà nínú ilé-iṣẹ́, kò gbọdọ̀ sí ilẹ̀kùn tí a tì débi pé kò ní ṣeé ṣí láti inú wá lójú ẹsẹ̀. Ti yàrá òtútù fúnra rẹ̀ gbọdọ̀ ní ohun tí a ń tì láti inú kí ó ṣí. Ẹ dán an wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí yìnyín lè dì í mọ́lẹ̀.

Ẹ má gbàgbé àdúgbò. Ní Theodore tí a sọ, àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé náà, tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ omi àti níbi iṣẹ́ mìíràn nítòsí, ni ara wọn kò yá: 152 ni wọ́n kà, 32 nínú wọn sì gba bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn. Ta ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín? Ilé-ìwé ni? Mọ́ṣáláṣí ni? Ṣọ́ọ̀ṣì ni? Ìyá tí ń dín àkàrà lẹ́nu géètì ńkọ́? Òun gbọdọ̀ pa iná rẹ̀, nítorí bí amóníà bá pọ̀ púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́, iná lè gbé e. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú, bí a bá lè pa á láti òkèèrè. Ẹ ti lọ kí àwọn aládùúgbò ṣáájú, ẹ ti fún wọn ní nọ́ńbà fóònù yín, ẹ sì ti gba tiwọn.

BÍ GÁÀSÌ BÁ TI KAN ÈNÌYÀN

Bí ẹnì kan bá ti bọ́ síta, ẹ gbé e jìnnà sí ibẹ̀. Bí amóníà bá kan ojú, ẹ fi omi tó mọ́ wẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán. Ẹ fi ọwọ́ la ìpéǹpéjú kí omi lè wọlé. Yóò ké, ẹ má tìtorí ẹkún rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ẹ bọ́ aṣọ tí gáàsì ti wọ̀. Bí aṣọ bá dì mọ́ ara, ẹ má fà á ya. Ẹ máa da omi tí kò gbóná sí i títí yóò fi tú.

Ẹ má fún un ní epo pupa mu. Ẹ má fún un ní mílíìkì. A mọ̀ pé ohun tí ọwọ́ wa ń yá sí nìyẹn bí a bá ti gbọ́ májèlé, ṣùgbọ́n inú ẹ̀dọ̀fóró ni gáàsì lọ, kì í ṣe inú ikùn, epo kò sì lè tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́ lè tìtorí rẹ̀ há lọ́fun kú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ ní ara òun ti yá, nítorí ẹ̀dọ̀fóró lè bẹ̀rẹ̀ sí wú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Kí ẹni tí yóò tẹ̀lé e kọ orúkọ gáàsì náà sí ìwé, kí ó sì fún dókítà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nípa omi. Omi dára fún ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí amóníà olómi bá ti dúró nílẹ̀ bí àbàtà, ẹ má da omi lé e lórí, nítorí yóò hó, gáàsì yóò sì pọ̀ sí i. Ẹ fi í sílẹ̀ fún panápaná.

ÌWÉ ARA ÒGIRI

Kí ó má gùn. Kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Irú rẹ̀ nìyí:

BÍ GÁÀSÌ BÁ JÒ
Ké pé: GÁÀSÌ! Jáde lọ.
Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ: tẹ bọ́tìnì pupa tó wà níta.
Wo aṣọ orí ọ̀pá. Má sá tẹ̀lé afẹ́fẹ́.
Akọ̀wé: pe orúkọ ní ibi ìpàdé.
Ọ̀gá: pe 112. Sọ orúkọ gáàsì náà: ..........
Ọlọ́dẹ: mú ìwé orúkọ, ṣí géètì, sọ fún aládùúgbò.
ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ PADÀ WỌLÉ.

Nọ́ńbà 112 wà fún gbogbo Nàìjíríà. Ní Èkó, 767 náà wà. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ panápaná tó sún mọ́ yín jù sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ti pè é rí láti mọ̀ bóyá wọ́n ń gbé e.

Ìwé lára ògiri kò tó. Ẹ fi ṣe eré lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọ̀kan lójò, ọ̀kan lọ́yẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ ti yí. Kí ọ̀gá ké “Gáàsì!” lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí, kí ó sì wo aago rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó mú ẹnì kan pamọ́ sí ẹ̀yìn ọgbà láì sọ fún akọ̀wé. Bí akọ̀wé bá pe orúkọ tán tí kò mọ̀ pé ẹnì kan kù, ẹ tún un ṣe. Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n ṣáà sá lọ síbi tó yẹ.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí ó fi yẹ kí a béèrè ọ̀rọ̀ bí oníṣẹ́ fíríjì bá ní gáàsì ti tán?
2. Irú gáàsì wo ni R717? Èwo nínú àwọn nọ́ńbà tí a kà ni iná ń gbé kíákíá?
3. Ènìyàn mélòó ló kú ní Gainesville? Mélòó nínú wọn ló wọlé lẹ́yìn tí àwọn méjì àkọ́kọ́ ti ṣubú?
4. Kí nìdí tí a fi nílò ibi ìpàdé méjì?
5. Ìṣẹ́jú mélòó ni a ó fi wẹ ojú tí amóníà kàn?
6. Ẹ mú pẹ́ńsùlù. Ẹ da ìwé ara ògiri tó wà lókè yìí kọ, kí ẹ fi orúkọ àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ olúkúlùkù. Ẹ kọ orúkọ gáàsì ẹ̀rọ yín sí ojú ìlà tí ó ṣófo. Bí ẹ kò bá tíì mọ̀ ọ́n, ẹ fi ojú ìlà náà sílẹ̀ títí di ọ̀la, nígbà tí ẹ ó ti ka ara ẹ̀rọ.